Àmín Tí Mo Ṣe Nínú Kíṣìnì Ìyàwó

Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, níwájú ilé mi, torí pé mi ò lè kọ ọ́ nínú ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì lá a lálàá. Ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ, ẹnu èmi gan-an ló sì dá sí i. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó bi ọkọ mi léèrè, tó bá máa dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ̀kan fún yín kẹ́ ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: òjòwú ni mí. Mi ò fi bò, mi ò sì ń tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá ní òun ò jowú rí, kò tíì rí ohun tó wù ú dénú ni.

Sharpstown la ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Houston níbí, èmi, ọkọ mi àti Délé ọmọ wa, nínú apátímẹ́ǹtì kan tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé tí aládùúgbò bá wúkọ́, àwa la máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Ọkọ mi ń wa takisí. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi tí àwọn ọmọ wọn kó wọn sí. Ọjọ́ tá a bá ráyè, ilé là ń wò kiri, torí ìgbà yẹn ni iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀ nílùú yìí. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ń kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún báǹkì, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ilé ṣófo lọ́tùn-ún lósì, koríko ga níwájú wọn, ẹni tó bá sì ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ lè rà wọ́n lọ́pọ̀.

A wò títí. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ló ń mú wa kiri, ó ń fi ilé han àwọn ọmọ Nàìjíríà. Èyí tó dára, ara mi ò gbà á. Èyí tí ọkọ mi fẹ́, mo ní ó ṣókùnkùn. Ọkọ mi wá ní kí ni mo ń wá gan-an. Mo sọ fún un pé ilé tó bá jẹ́ tèmi, tí mo bá ti wọlé, màá mọ̀. Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, yálà lórí ọkọ tàbí lórí ilé: ẹnikẹ́ni ò lè ṣàlàyé ẹ̀ fún èèyàn, ara ló máa ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ o. Ọkọ mi ní àbúrò kan. Ọkọ Mi Kékeré ni mò ń pè é, torí ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Apoògùn ni, ó sì rí towó ṣe jù wá lọ. Èmi ti bí Délé tán kó tó gbéyàwó, nítorí náà èmi ni ìyáálé, aya rẹ̀ ni ìyàwó. Mi ò ní pe orúkọ ẹ̀ níbí. Ìyàwó náà là ń pè é nínú ilé wa.

Kò sí ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ìyàwó kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyáálé. Tí wọ́n bá pín ẹran, èmi ni màá kọ́kọ́ mú. Tí a bá fẹ́ ya fọ́tò, èmi ni màá jókòó, òun á dúró. Bí wọ́n ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀.

Àfi bí ìyàwó àti ọkọ ẹ̀ ṣe pè wá lọ́jọ́ kan pé ká wá bá àwọn dúpẹ́, pé àwọn ti ra ilé. Ní Sugar Land, lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn tó rí towó ṣe ń kó lọ.

Mo dúpẹ́. Mo tiẹ̀ jó. Ilé bíríkì pupa ni, igi ńlá kan wà níwájú rẹ̀, fèrèsé kíṣìnì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹwà ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ wọlé báyìí, ara mi balẹ̀. Ó balẹ̀ bí ó ṣe máa ń balẹ̀ tí èèyàn bá ti ibi iṣẹ́ dé tó bọ́ bàtà.

Ìyàwó ní kí n wá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn. Ibẹ̀ ṣú, òun tó ni ilé ń fọwọ́ wá súìṣì lára ògiri. Èmi na ọwọ́, iná tàn. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò wá a. Mo mọ dúrọ́ọ̀ tí ṣíbí wà nínú ẹ̀ kí n tó ṣí i. Mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ sókè díẹ̀ kó tó lè tì. Ta ló sọ fún mi? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ilé mi nìyẹn. Ilé tí mo ti ń wá kiri láti ọjọ́ yìí, ọwọ́ ọmọ tí mo jù lọ ló wà. Owú náà gbé mi láyà débi pé mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú mi. Nígbà tá a wọ ọkọ̀, mo kọjú sí fèrèsé títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Sharpstown. Ọkọ mi bi mí pé kí ló dé. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé tí ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn fi hàn mí, mi ò rí wọn. Mo kàn ń wo ògiri lásán ni. Nígbà tó yá, kò pè wá mọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyàwó fi bímọ, ọmọkùnrin. Ìyá tó bí ìyàwó wà ní Abẹ́òkúta, wọn ò fún un ní físà. Ta ni yóò wá wẹ ọmọ? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi ọmọ tuntun sílẹ̀ fún ìyá ìkókó tí kò bímọ rí nìkan. Èmi ìyáálé náà ni. Tí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, màá bọ́ sí fìríwéè, títì ńlá tí ọkọ̀ ti ń sáré, màá lọ wẹ ọmọ, màá se omi gbígbóná fún ìyá ẹ̀, kí n tó padà sílé mi.

Inú kíṣìnì ni mo máa ń wẹ ọmọ náà, nínú síǹkì lábẹ́ fèrèsé. Mi ò purọ́ fún yín, mo gbádùn ibẹ̀. Màá tún abọ́ tò bí mo ṣe fẹ́ kó wà. Tí mo bá padà dé lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ti tò ó bí òun náà ṣe fẹ́. Màá tún un tò. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ nínú àwa méjèèjì, àfi ọjọ́ kan tó rọra bá mi sọ ọ́.

“Ìyá Délé, ẹ má bínú o ma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó abọ́ sórí fridge mọ́. Ó ń já lulẹ̀.”

Mi ò kó abọ́ sórí fìríìjì rí láyé mi. Mo wò ó bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo rí i pé ojú ẹ̀ ti wọnú nítorí àìsùn. Mo ní ó dáa, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ìrọ̀lẹ́ ni. Òjò ti ṣú bolẹ̀, ẹ mọ bí òjò Houston ṣe máa ń ṣú, tí ọ̀sán á kàn dúdú lójijì. Ìyàwó ń sùn ní yàrá. Ọkọ ẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Èmi àti ọmọ nìkan la wà ní kíṣìnì.

Mo ti fi ọṣẹ sí i lára tán. Mò ń fà á lápá, mò ń fà á lẹ́sẹ̀, mò ń gbàdúrà fún un bí wọ́n ṣe ń gbà á fún ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń lọ. Èèyàn á gbà á, á sì tún fúnra ẹ̀ ṣe àmín sí i, torí ọmọ kò lè sọ̀rọ̀.

“O ò ní ya ọ̀lẹ. Àmín. O ò ní ya olè. Àmín. Wàá sin bàbá ẹ, wàá sin ìyá ẹ. Àmín.”

“Ilé yìí ò ní gbà wọ́n.”

“Àmín,” ni mo wí.

Mo ti ṣe é tán kó tó yé mi pé èmi kọ́ ni mo gba èyí tó gbẹ̀yìn.

Ẹ má bi mí bóyá Yorùbá ni tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti ro ó títí, mi ò lè sọ. Ohùn obìnrin ni, ó gbẹ, ó sì rọlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ etí mi ọ̀tún ló ti wá. Ó kàn yé mi ni. Ẹnu mi sì ti mọ́ àmín lára. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni mí láti kékeré; tí ẹnì kan bá gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí mo bá tiẹ̀ ń tòògbé, màá ṣe é.

Ọmọ náà dákẹ́ nínú omi. Kò ta ẹsẹ̀ mọ́. Èjìká mi ló ń wò.

Mi ò lè yíjú, torí ọṣẹ wà lára ọmọ, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo gbójú sókè wo gíláàsì fèrèsé. Nítorí pé ìta ti ṣú, gbogbo kíṣìnì hàn nínú ẹ̀, mo sì rí i. Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Aṣọ ilé ló wọ̀, èyí tó ní òdòdó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó sì so épírọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ó ń fọwọ́ ra etí tábìlì kíṣìnì náà lọ ra á bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń ra ọmọ lórí.

Èmi kọ́ ló ń wò o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń wò, ọ̀nà yàrá tí ìyàwó sùn sí. Mo mọ irú ojú yẹn. Irú ẹ̀ ni mo fi wo ìyàwó lọ́jọ́ tó ń fi ilé náà hàn mí. Obìnrin yìí ń jowú.

Ìgbà tó yá, ó yíjú sí mi nínú gíláàsì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìgbà tí obìnrin méjì bá ti jọ sọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan lẹ́yìn tán.

Mo gbá ọmọ mọ́ra pẹ̀lú ọṣẹ lára ẹ̀, mo yíjú. Kò sẹ́nì kankan. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì pa.

Ìyàwó pè mí láti yàrá, ohùn ẹ̀ ò jáde dáadáa. “Ìyá Délé? Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?”

“Àdúrà ni mò ń gbà fún ọmọ.”

“Ohùn méjì ni mo gbọ́ ma.”

Mo ní oorun ló wà lójú ẹ̀, kó padà sùn.

Ẹ gbọ́, mo lè sọ pé mo mú àmín náà padà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn: tí èèyàn bá ti ṣe àmín sí ohun tí kò dáa, kó yára kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo la ẹnu. Mo wo kíṣìnì náà, mo wo fèrèsé, mo wo ilẹ̀ tí mo fẹ́ràn láti tẹ̀. Mo sì pa ẹnu mi dé. Mo wẹ ọṣẹ kúrò lára ọmọ, mo fi òrí pa á lára, mo gbé e lọ fún ìyá ẹ̀.

Bàbá òyìnbó kan ń gbé òdìkejì títì, ó máa ń kí mi tí mo bá ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo lọ bá a. Mo bi í léèrè ẹni tó ń gbé ilé náà tẹ́lẹ̀. Ó ní tọkọtaya kan ni, pé àwọn ló kọ́ ọ, aya ọ̀hún ló fọwọ́ ara ẹ̀ yan gbogbo ohun tó wà ní kíṣìnì. Ọkọ kú. Ọmọkùnrin wọn fi ilé náà dúró ní báǹkì, nígbà tí iṣẹ́ epo bàjẹ́, báǹkì gbà á. Ó ní ṣe ni wọ́n di màmá náà mú lápá jáde. Mo bi í pé ṣé inú ilé yẹn ló kú sí ni. Ó ní rárá, ó kú sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ obìnrin ní ìlú mìíràn, ibẹ̀ sì jìn.

Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ó rin gbogbo ọ̀nà yẹn padà wá sí kíṣìnì ẹ̀.

Ẹ ò ní gbàgbọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ wẹ ọmọ. Nígbà tí mo bá wà níbẹ̀, gbogbo nǹkan á rọgbọ. Tí mo bá ti kúrò báyìí, wàhálà á bẹ̀rẹ̀. Omi gbígbóná á bó ìyàwó lọ́wọ́. Ọmọ á sunkún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọkọ Mi Kékeré ní àárẹ̀ ìbímọ ni, pé ilé tuntun máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Títí ọjọ́ tí ìyàwó àti ọmọ ti ọjà dé nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn. Ó wa ọkọ̀ wọ gáráàjì, ilẹ̀kùn ńlá já lulẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kò gbéra mọ́. Ilẹ̀kùn kékeré tó wọlé kọ̀, kò ṣí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Houston mọ ohun tí gáráàjì máa ń jẹ́ nínú ooru bẹ́ẹ̀. Ó lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ dé, ọmọ náà ti rọ̀ jọwọlọ, díẹ̀ ló kù.

Èmi ni mo bá ìyàwó jókòó ní ilé ìwòsàn. Ọmọ ti ń mí dáadáa nígbà yẹn. Ìyá ẹ̀ di ọwọ́ mi mú.

“Ìyá Délé, nígbà tí mò ń lu ilẹ̀kùn, ẹnì kan ń rìn nínú kíṣìnì. Mo gbọ́ ọ. Ó ń kó abọ́.” Ó nu ojú. “Ilé yẹn ò fẹ́ mi ma. I'm not going back. Ẹ̀yin ló fẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti wà níbẹ̀, kì í ṣe nǹkan kan.”

Inú mi bàjẹ́ nítorí ọmọ náà, Ọlọ́run ló mọ̀. Inú mi sì dùn. Àwọn méjèèjì wà nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ò lé èkejì jáde.

Bí a ṣe pààrọ̀ nìyẹn. Ọkọ Mi Kékeré ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa san gbèsè tó kù lórí ilé náà fún báǹkì lọ, kí àwọn gba apátímẹ́ǹtì wa ní Sharpstown. Ọkọ mi bi mí bóyá ẹ̀rù ò bà mí. Mo ní ilé náà ò bá mi jà rí.

Òótọ́ ni. Ó gbà mí. Abọ́ ń dúró síbi tí mo bá gbé e sí. Délé ń sùn dáadáa. Nígbà míràn, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan gba ẹ̀yìn mi kọjá ní kíṣìnì. Màá ní “ẹ ńlẹ́ o,” màá máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo ti ń rò ó pé ọ̀rẹ́ ni wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyàwó wá kí wa lẹ́yìn ìsìn. Láti ọjọ́ tó ti kó jáde, kò dé ibẹ̀ rí. Ọmọ ẹ̀ ti ń rìn. Ó ń wo kọ́tìnnì tuntun tí mo ta, ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó wo ògiri tí ọkọ mi kùn. Mo rí ojú tó fi ń wò wọ́n. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Mo fi í sílẹ̀ kó wò ó tẹ́rùn.

Ó ní òun fẹ́ lọ gbé mílíìkì ọmọ kaná. Mo ní kó máa lọ, pé ó mọ ọ̀nà. Èmi àti ọkọ mi wà ní pálọ̀, Délé àti ọmọ ìyàwó ń ṣeré lẹ́sẹ̀ wa. Kò sẹ́lòmíràn nínú ilé.

A wá gbọ́ ọ láti kíṣìnì, ó rọra sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Àmín.”

Ọkọ mi wò mí. Mo dìde, mo lọ bá a. Ó dúró níwájú síǹkì, ó kọjú sí fèrèsé.

“Ìyàwó, ta lo ń ṣe àmín fún?”

Ó yíjú. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbàdúrà fún mi ni?”

“Kí ni mo sọ?”

Mo rí i tó ń ro ó, mo sì rí ìgbà tó yé e pé kì í ṣe èmi. Ó wo ẹ̀gbẹ́ fìríìjì. Lẹ́yìn náà ló wo gbogbo kíṣìnì mi yí ká, ó rọra gbé ìgò ọmọ kalẹ̀.

“Àdúrà rere ni ma,” ló sọ.

Mo ní kó kọ̀ ọ́. Mo ní kó sọ ọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ nísinsìnyí pé òun ò gbà á. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó gbé ọmọ ẹ̀, ó kí ọkọ mi pé ó dàbọ̀, kò jẹ ìrẹsì tí mo sè fún un. Àwọn àgbà ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Wọn ò sọ fún wa pé ó lè padà sọ́dọ̀ ìyáálé.

Mo ti pè é lórí fóònù láti ọjọ́ yẹn. Ohùn ẹ̀ dùn, ó ń bi mí bóyá ara mi le, ó ń bi mí bí Délé ṣe ń ṣe. Tí mo bá ti bi í ní ohun tó gbọ́, á ní ọmọ ń sunkún. Ọkọ mi ní ká kó kúrò. Mo bi í pé ta la máa wá fi ilé sílẹ̀ fún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilé rà, mo bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá dé ibì kan tí ara yín balẹ̀ jù, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí wọ́n di mú jáde níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ àdúrà lẹ́yìn yín, ẹ yíjú kí ẹ rí ẹni tó ń gbà á kí ẹ tó la ẹnu.

Èmi ń wọlé lọ. Mi ò mọ ohun tí wọ́n tọrọ lé mi lórí, mi ò sì mọ ọjọ́ tó máa ṣẹ. Ṣùgbọ́n ìyàwó ò ní padà sínú kíṣìnì yẹn lójú mi.